Àmì Inú Ẹ̀jẹ̀ Harriet

Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ sọ fún Ọlábọ̀dé pé mùdùnmúdùn eegun ìyàwó rẹ̀ ti bàjẹ́, ọ̀rọ̀ náà kò yé e. Mùdùnmúdùn tí òun mọ̀ kò ju èyí tí èèyàn ń fà mu nínú egungun ẹran lọ, èyí tí àwọn ọmọdé máa ń torí rẹ̀ jà lọ́jọ́ ọdún. Kò mọ̀ pé inú rẹ̀ ni ara ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Dókítà Níyìọlá, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń tọ́jú àwọn alárùn ẹ̀jẹ̀ ní ilé ìwòsàn ìjọba, ló jókòó ti àwọn méjèèjì tó sì fara balẹ̀ ṣàlàyé.

"Ẹ kà á sí ilé ìdáná, sà. Ibẹ̀ ni ara ti ń se ẹ̀jẹ̀. Ti màmá ṣì ń dáná, àmọ́ ohun tó ń ti ibẹ̀ jáde kò jinná mọ́, kò sì tó àwọn ará ilé jẹ. Òun ló fà á tó fi ń rẹ̀ wọ́n, tí àtẹ́lẹwọ́ wọn funfun, tí ara wọn sì ń dúdú káàkiri bí ẹni tí wọ́n nà."

Harriet wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó yí i padà, ó tún un wò.

"Màlúù ló ń gbẹ̀san, Dókítà," ó ní. "Láti kékeré ni mo ti ń fọ́ eegun wọn fà mu."

Dókítà rẹ́rìn-ín. Ọlábọ̀dé kò bá wọn rẹ́rìn-ín.

Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń lọ, tí wọ́n ń bọ̀. Bí ó bá ti rẹ̀ ẹ́ jù, wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ sí i lára, àwọ̀ rẹ̀ á padà, á sì tún jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Ajégúnlẹ̀ ni wọ́n ń gbé, lẹ́yìn ọjà Boundary. Yúnífọ́ọ̀mù ọmọ ilé-ìwé ni Harriet ń rán, ṣàṣà sì ni ọmọ tó dàgbà ní òpópónà yẹn, ìbáà ṣe ọmọ Ìgbò, Ùrhòbò, Ìjọ̀ tàbí Yorùbá, tí kò tíì wọ ṣòkòtò tó ti ọwọ́ rẹ̀ jáde. Kì í fi okùn wọn ọmọ mọ́. Á ní kí ọmọ yípo lẹ́ẹ̀kan lójú òun, á sì ní ó tó, máa lọ. Bí ọmọ bá tún fẹ́ yípo, á ní, "Ṣé ijó ni mo pè ọ́ fún ni?"

Ọkọ rẹ̀ ní tirẹ̀ ti ṣiṣẹ́ tálì ní wáfù Àpápá. Àwọn tálì ló máa ń dúró ti ọkọ̀ ojú omi, tí wọ́n á máa ka ẹrù bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. Bó ṣe jáde ìwé mẹ́wàá ló wọ ẹnu iṣẹ́ yẹn, kò sì ṣe òmíràn títí wọ́n fi gbé iṣẹ́ èbúté fún àwọn aládàáni, tí wọ́n ní kí àwọn bíi tirẹ̀ máa lọ sílé. Ó ti kúrò ní wáfù, àmọ́ wáfù kò kúrò lára rẹ̀. Bí ó bá rí kọ̀ǹténà lórí tírélà lójú ọ̀nà, á ka nọ́ńbà ara rẹ̀ sábẹ́ ẹnu bí ẹni ń ka ẹsẹ Bíbélì.

Ọ̀dọ̀ Moyinolúwa, ọmọ wọn kan ṣoṣo, ni wàhálà tó dé bá wọn ti wá. Ọmọ náà kò sì ro ibi. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń bá àwọn oníṣòwò gba ẹrù jáde ní èbúté ló ń bá ṣiṣẹ́ ní Àpápá. Ilé-iṣẹ́ náà bá ilé ìwòsàn aládàáni kan ṣe àdéhùn pé kí wọ́n yẹ ara àwọn òṣìṣẹ́ wò, àti ti òbí wọn. Moyinolúwa mú ìyá rẹ̀ lọ. Wọ́n ní àwọn á yẹ gbogbo rẹ̀ wò pátá, títí kan àwọn àmì tó máa ń jáde nínú ẹ̀jẹ̀ bí jẹjẹrẹ bá fara pamọ́ síbì kan nínú ara.

Nígbà tí ọmọbìnrin tó ń gba ẹ̀jẹ̀ ki abẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́ lápá, Harriet ní, "Ẹ fi díẹ̀ sílẹ̀ fún mi o, ọmọ mi. Ẹ̀jẹ̀ ẹlẹ́jẹ̀ ni mo fi ń gbéra."

Kò pẹ́ sí i ni dókítà ilé ìwòsàn náà ránṣẹ́ pè wọ́n. Kọ́láwọlé ni orúkọ rẹ̀, ọkùnrin gbẹ̀ǹgbẹ̀ kan tí ohùn rẹ̀ balẹ̀, tí ó sì máa ń wo ojú èèyàn bó bá ń sọ̀rọ̀. Ọlábọ̀dé fẹ́ràn ìyẹn.

"Àmì kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, sà, tó ga ju bó ṣe yẹ lọ," ó ní. "Àmì yìí sábà máa ń ga bí jẹjẹrẹ bá wà níbi ẹyin obìnrin. A ya àwòrán inú wọn, a sì rí kókó kékeré kan lápá òsì. Ó lè jẹ́ omi lásán. Ó sì lè má jẹ́ omi."

"Báwo la ṣe máa mọ̀?"

"Ká ṣí i, ká wò ó."

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bọ́ lẹ́nu dókítà ló wọ Ọlábọ̀dé lára. Mùdùnmúdùn ṣe àjèjì sí i, bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo orúkọ gígùn tí wọ́n ń pè ní ilé ìwòsàn ìjọba. Ṣùgbọ́n àmì yé e. Ní wáfù, bí àwọn aṣọ́bodè bá fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sára kọ̀ǹténà, ọ̀rọ̀ ti parí. Èyí tí kò bá lámì ń lọ. Èyí tó lámì yóò yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n á já èdìdì rẹ̀, wọ́n á sì tú u dé ìsàlẹ̀ pátákó. Ó rántí kọ̀ǹténà kan tí wọ́n ní táìlì ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n sàmì sí i. Ajẹ́ńtì tó fẹ́ gbà á jáde wólẹ̀, ó bẹ̀, ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́ kí wọ́n fi sílẹ̀, táìlì ni, kí wọ́n kàn máa ṣọ́ ọ títí ẹni tó ni ín á fi dé. Nígbà tí wọ́n ṣí i, lẹ́yìn táìlì tó wà lẹ́nu ọ̀nà, oògùn ayédèrú ló kún ibẹ̀ dé òrùlé. Láti ọjọ́ náà ni Ọlábọ̀dé ti gbà pé ẹni tó bá ní kí wọ́n má ṣí ohun tó lámì, ó mọ ohun tó ń bò.

Síbẹ̀, ó lọ bá Dókítà Níyìọlá. Harriet kò bá a lọ, ọjọ́ yẹn rẹ̀ ẹ́. Dókítà ka èsì àyẹ̀wò náà, ó sì gbé e kalẹ̀ lórí tábìlì.

"Ta ló ní kẹ́ ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò yìí, Bàbá?"

"Ọmọ wa ni. Ṣé ó burú ni?"

"Kò burú. Ó ti yá jù ni." Ó fa àga rẹ̀ súnmọ́ ọn. "Àmì kì í ṣe ẹ̀rí, sà. Mo ní àwọn aláìsàn mìíràn tí mùdùnmúdùn tiwọn náà bàjẹ́, tí irú àmì yìí ga nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. A wá gbogbo ara wọn, a ò rí kókó kankan. Ilé ìdáná tó bá ti dàrú, oríṣiríṣi èéfín ló ń yọ níbẹ̀. Èéfín yẹn ò sọ pé ilé mìíràn ń jó."

"Bó bá wá ń jó ńkọ́?"

"Ó lè máa jó. Mi ò ní purọ́ fún yín. Ìdí nìyẹn tá a fi máa ṣọ́ ọ. A máa tún àmì náà yẹ̀ wò, a máa tún àwòrán yà, tí kókó yẹn bá dàgbà, a máa mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi abẹ kàn wọ́n báyìí. Ohun tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì lára wọn ti lọ sílẹ̀ púpọ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀, ó lè má dá. Ṣé ẹ gbọ́ mi, Bàbá?"

"Mo gbọ́."

Ó gbọ́ lóòótọ́. Àmọ́ ohun tó dúró sí i lọ́kàn nígbà tó jáde ni "a máa ṣọ́ ọ". Bí ọkọ̀ èrò tó wọ̀ ṣe ń gba Ìjọra kọjá ló ń tún un sọ fún ara rẹ̀, tí ẹnu rẹ̀ sì ń korò. Ọmọdé ni obìnrin náà. Ó lójútì, ó sì láàánú, àmọ́ ọ̀rọ̀ ajẹ́ńtì ló ń sọ.

Desmond ló bá nílé. Ọmọ Ùrhòbò ni Desmond, òun ló máa ń so okùn ọkọ̀ mọ́ èbúté láyé ìgbà tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́, kò sì yéé pe Ọlábọ̀dé ní Táli títí di òní. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú ilé, ó ń jẹ ẹ̀pà. Nínú pálọ̀, ẹ̀rọ Harriet ń dún.

"Táli! Wetin doctor talk?"

Ọlábọ̀dé rọra sọ fún un.

"Ṣọ́ ọ?" Desmond tu èèpo ẹ̀pà sílẹ̀. "Ṣọ́ kí ni? Mark na mark, my brother. Ṣé wọ́n ń ṣọ́ mark ni? Ìwọ tí o ò lè kọjá lára ìkòkò ọbẹ̀ kó o má ṣí i, ìwọ lo máa wá jókòó máa ṣọ́ jẹjẹrẹ!"

Ẹ̀rọ dákẹ́ nínú ilé.

"Desmond, mo ń gbọ́ yín o," ohùn Harriet ti pálọ̀ wá. "Èmi kì í ṣe kọ̀ǹténà. Mi ò ti China dé."

Desmond rẹ́rìn-ín títí ẹ̀pà fi fẹ́ pá a lórí. "Madam, no vex! Ẹ̀yin ni original!"

"Original tó ti gbó. Ẹ fi mí sílẹ̀ bí mo ṣe wà."

Ẹ̀rọ tún bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Desmond ti wọlé sí ọkàn Ọlábọ̀dé, ó sì ti jókòó síbẹ̀. Kò lè jẹun dáadáa mọ́. Bí Harriet bá bẹ̀rẹ̀ mú abẹ́rẹ́ tó jábọ́, apá òsì ìkùn rẹ̀ ni ojú ọkọ rẹ̀ ń lọ. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, nígbà tí wọ́n dìde kọrin, kò kọrin, ó ń ro ohun tó fara pamọ́ síbẹ̀, tó ń dàgbà, tí gbogbo wọn sì ń kọrin lé lórí.

Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi náà ló sọ ọ́. Moyinolúwa wá kí wọn, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó ní pálọ̀.

"Harriet, jẹ́ kí wọ́n ṣí i."

Harriet ń tú ìgbátí ṣòkòtò ọmọdé kan. Kò gbójú sókè.

"Dókítà obìnrin yẹn ní ẹ̀jẹ̀ mi lè má dá."

"Dókítà Kọ́láwọlé ní àwọn á gbé ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ dè ọ́."

"Moyin, kí lo rí sí i?"

Moyinolúwa bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. "Ẹ̀rù méjèèjì ló ń bà mí, Mummy. Bí wọ́n bá ṣí i, ẹ̀rù ń bà mí. Bí wọn ò bá ṣí i, ẹ̀rù ń bà mí."

"Dákẹ́, má fomi sí mi láṣọ, ti oníṣẹ́ ni." Ó gbé ṣòkòtò náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó wá yíjú sí ọkọ rẹ̀. "Bàbá Moyin, ẹ ò sùn mọ́. Ẹ rò pé mi ò mọ̀. Bí wọ́n bá ṣí mi tí wọn ò bá nǹkan kan níbẹ̀, ṣé ọkàn yín á balẹ̀?"

"Á balẹ̀."

"Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí n parí ṣòkòtò ilé-ìwé àwọn ọmọ Ijeoma ná. Wọ́n ń wọlé padà lọ́la."

Bó ṣe gbà nìyẹn. Torí tirẹ̀ ló ṣe gbà, Ọlábọ̀dé sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, àmọ́ inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ tí kò fẹ́ mọ̀ ọ́n jù.

Nígbà tí wọ́n lọ gba ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, Dókítà Kọ́láwọlé bi í pé, "Ṣé dókítà tó ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀ wọn mọ̀ sí i?"

"Ó mọ̀," Ọlábọ̀dé dáhùn.

Níyìọlá mọ̀ nípa àmì náà. Kò mọ̀ nípa abẹ. Ìdáhùn yẹn kì í ṣe irọ́, kò sì lè kọjá bí òtítọ́. Dókítà náà kò sì gbé fóònù kó bi obìnrin ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ó ní àwọn á múra ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, kò séwu.

Àárọ̀ ọjọ́ náà mọ́ dáadáa. Harriet wọ aṣọ tí wọ́n fún un, ó ní ẹni tó rán an kò mọ bí wọ́n ń gé ọrùn aṣọ. Wọ́n tì í wọlé. Ọlábọ̀dé àti ọmọ rẹ̀ jókòó sí fáráńdà òkè, níbi tí wọ́n ti ń rí kiréènì èbúté tó ń gbé ẹrù sókè sódò. Kò ka nọ́ńbà kankan lọ́jọ́ náà. Ó mú ọwọ́ Moyinolúwa dání, ohun tí kò ṣe láti ìgbà tí ọmọ náà ti wà ní jẹ́lé-ó-sinmi.

Nígbà tí Dókítà Kọ́láwọlé jáde, fìlà iṣẹ́ rẹ̀ ṣì wà lórí, ẹ̀rín sì wà lójú rẹ̀.

"Inú wọn mọ́, sà. Inú wọn mọ́ tónítóní. Omi ni kókó yẹn. A wo gbogbo ibẹ̀ yípo, kò sí nǹkan kan."

Moyinolúwa kúnlẹ̀ síbẹ̀. Ọlábọ̀dé bọ́ fìlà, ó gbé ojú sókè, omi sì bọ́ lójú ọkùnrin tí kò sunkún nígbà tí wọ́n lé e níṣẹ́. Ó pe Desmond. "Inú rẹ̀ mọ́! Desmond, wọn ò rí nǹkan kan! Inú rẹ̀ mọ́!" Desmond náà pariwo lórí fóònù, ó ní òun á wá jó níwájú ilé.

Ìdùnnú yẹn kò pẹ́. Nọ́ọ̀sì kan wá pe dókítà, ó sáré padà wọlé. Nígbà tó tún jáde, ẹ̀rín náà kò sí mọ́. Ó ní ojú ọgbẹ́ ń ṣẹ̀jẹ̀ díẹ̀, àwọn ń fún wọn lẹ́jẹ̀. Ó wọlé. Ó tún jáde, ó sì yọ "díẹ̀" yẹn kúrò nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń gbà sí i lára ń gba ojú abẹ jáde, bí ìgbà tí èèyàn ń bomi sínú agbọ̀n.

Moyinolúwa ló pe Dókítà Níyìọlá. Ó fi fóònù sí gbangba kí bàbá rẹ̀ lè gbọ́.

"Abẹ?" ni obìnrin náà wí. "Abẹ báwo? Mo sọ fún Bàbá..." Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti yí padà, ó ti di ti ẹni tó ń ṣiṣẹ́. "Ẹ sọ fún wọn pé ẹ̀jẹ̀ pupa nìkan ò tó. Èyí tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì gan-an ni kí wọ́n fún wọn. Wọn ò ní in níbẹ̀, mo mọ̀. Mò ń wá a níbí báyìí, mo máa fi ránṣẹ́. Ẹ di ojú ibẹ̀ mú. Ẹ má gbé wọn kúrò."

Ó wá a, ó sì fi ránṣẹ́. Ó wà lójú ọ̀nà nígbà tí wọ́n ní kí Ọlábọ̀dé wọlé wá rí ìyàwó rẹ̀.

Ojú Harriet là. Ètè rẹ̀ funfun bí ẹfun. Wọ́n ti fi aṣọ bò ó dé àyà, Ọlábọ̀dé kò sì wo aṣọ náà lẹ́ẹ̀mejì.

"Wọ́n rí nǹkan?" ó bi í.

"Wọn ò rí nǹkan kan."

"Èmi wí bẹ́ẹ̀." Ó mí, ó sinmi, ó tún mí. "Ọkàn yín ti wá balẹ̀?"

"Ó ti balẹ̀, Harriet."

Ó mi orí díẹ̀ bí ìgbà tí ọmọ bá ti yípo tán lójú rẹ̀, ó sì pa ojú dé. Kò tún là á mọ́. Ẹ̀jẹ̀ tí Níyìọlá fi ránṣẹ́ dé, wọ́n gbà á lọ́wọ́ ọkùnrin alùpùpù tó gbé e wá, kò sì sí ẹni tó mọ ohun tí wọ́n máa fi ṣe.

Wọ́n sin ín. Ìjọ ṣe tiwọn, àdúgbò ṣe tiwọn. Lẹ́yìn ìsìnkú, àwọn èèyàn ń wọlé wá kí i lọ́wọ̀ọ̀wọ́, wọ́n ń jókòó sórí àga tí wọ́n tò sí iwájú ilé. Ọlábọ̀dé jókòó láàárín wọn, ó wọ aṣọ dúdú, ó ń dáhùn pé ẹ ṣeun. Desmond jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láti àárọ̀, kò jẹ ẹ̀pà, kò pè é ní Táli.

Ijeoma, aládùúgbò wọn, wá pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wọ ṣòkòtò tuntun tí Harriet rán kẹ́yìn. Ajégúnlẹ̀ ni wọ́n bí i sí, Yorùbá rẹ̀ já gaara. Ó kúnlẹ̀ síwájú Ọlábọ̀dé bí ọmọ Yorùbá gidi, ó di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Daddy. Ọlọ́run á tù yín nínú. Èèyàn bíi Mummy ṣọ̀wọ́n. Kò sí ẹni tí wọn ò ṣe dáadáa fún ládùúgbò yìí. Daddy, inú wọn mọ́."

"Inú rẹ̀ mọ́ lóòótọ́," ìyá àgbà kan láti ṣọ́ọ̀ṣì gbè é. "Mo bá a rìn láti ìgbà èwe, inú rẹ̀ mọ́ bí omi òjò."

"Inú wọn mọ́," ni àwọn tó kù ń wí, tí wọ́n ń mi orí lórí àga wọn, láti ẹnì kan dé èkejì.

Ọlábọ̀dé wo obìnrin tó kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀ náà.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ó ní. "Wọ́n ṣí i wò."

Ijeoma mi orí, ó tún fún ọwọ́ rẹ̀ mú dáadáa, ó rò pé ìbànújẹ́ ló ń da ọ̀rọ̀ rú lẹ́nu àgbàlagbà. Desmond dìde lórí àga rẹ̀, ó gba àárín àwọn olùbánikẹ́dùn kọjá, ó sì jáde sí òpópónà.